Schulz kò fi àwòrán ẹ̀fẹ̀ wàásù

Akọ̀ròyìn kan kọ ọ́ pé ìwàásù lásán ni ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn inú àwọn àwòrán ẹ̀fẹ̀ ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà; n kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Charles Schulz, tó ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ Peanuts láti ọdún 1950 títí di 2000, kọ́ àwọn àgbàlagbà ní Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ onígbàgbọ́ aláṣejù gan-an ló fi ń ṣẹ̀fẹ̀: lọ́dọọdún ni Linus, ọmọdékùnrin kan nínú Peanuts, ń jókòó sí oko elégédé, tó ń retí Elégédé Ńlá kan tó gbà gbọ́, àmọ́ tí kì í dé, tí kò sì yéé wàásù nípa rẹ̀. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi mọ irú onígbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ẹni mìíràn tó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú mi, tó ní irú àwòrán ẹ̀fẹ̀ ẹlẹ́sìn bẹ́ẹ̀ kò bí ẹnikẹ́ni nínú rí, gbàgbé Johnny Hart, tó ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ B.C. Ní Ọjọ́ Àjíǹde ọdún 2001, Hart ya ọ̀pá fìtílà ẹlẹ́ka méje ti àwọn Júù nínú B.C., iná rẹ̀ sì ń kú níkọ̀ọ̀kan bí ó ṣe ń to àwọn ọ̀rọ̀ ìkẹyìn Jésù, títí ó fi di àgbélébùú. Ọ̀pọ̀ Júù bínú pé ó ń sọ pé ẹ̀sìn Kristi ti gba ipò tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Hart ní èrò òun kọ́ nìyẹn. Ìyẹn ni èmi lè pè ní ìwàásù.