Ẹni Tó Rán Ni Níṣẹ́ Là Á Bẹ̀rù

Ọmọ wolé-wolé ni mí. Ẹni tó bá gbọ́njú ní ilẹ̀ Yorùbá kí ọdún 1990 tó dé yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Wolé-wolé ni ẹni tó ń wọ káàkí, tó ń ti ojúlé dé ojúlé, tó ń ṣí ìdérí àmù wò bóyá tanwíjí wà nínú omi, tó ń yọjú sí ẹ̀yìnkùlé bóyá ṣáláńgá mọ́, tó sì ń já ìwé ìpè kóòtù fún onílé tí kò bá tún àyíká rẹ̀ ṣe. Bí bàbá mi bá ti yọ ní ìkóríta báyìí, ọmọdé kan á ti figbe ta: "Wolé-wolé dé o!" Kíá, wọ́n á ti da omi àmù nù, wọ́n á ti gbá ibi tí ìgbálẹ̀ kò kàn láti ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn obìnrin á máa kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín. Bó bá ti kọjá tán, èpè ni. "Ọmọ tanwíjí" ni wọ́n ń pè mí nílé ìwé, ẹkún ni mo sì máa ń sun wálé.

Lọ́jọ́ kan, mo bi í léèrè pé kí ló dé tí kò wá iṣẹ́ mìíràn, iṣẹ́ tí àwọn èèyàn á fi fẹ́ràn wa. Kò bínú. Ó ní, "Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún." Èmi rò pé ìjọba ló ń sọ, pé ìjọba ló rán an, ìjọba náà ló sì ń bẹ̀rù. Ó tó ogún ọdún lẹ́yìn ìgbà náà kí òwe yẹn tó yé mi.

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lóde òní ló mú mi rántí rẹ̀. Nínú ọkọ̀, ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, lórí rédíò láàárọ̀, ohùn kan náà ni: "Olè ni gbogbo wọn." "Ọ̀lẹ paraku." "Wá lónìí, wá lọ́la." Bí ìjọba bá ní òun fẹ́ dá òṣìṣẹ́ dúró, a ó ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí olùkọ́ bá daṣẹ́ sílẹ̀, a ó ní kí ni wọ́n tiẹ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mí, torí pé mo mọ ẹnì kan tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀, tí kì í ṣe olè, tí kì í ṣe ọ̀lẹ, tó ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sí abúlé mẹ́rin lóòjọ́.

Síbẹ̀, mi ò ní parọ́ pé ìbínú yìí kò nídìí. Ó ti pẹ́ jù wá lọ. Nígbà tí Ìbàdàn ń jọba lórí àwọn ìlú Èkìtì, ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fi sí ìlú kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ìjọba ni iṣẹ́ ajẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ló rán an, Ìbàdàn ló ń bẹ̀rù. Ìlú tó ń gbé inú rẹ̀, jíjẹ ló ń jẹ ẹ́. Òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ a máa wọ oko olóko, wọn a máa gba ẹran ẹlẹ́ran, ọwọ́ wọn kì í sì í kúrò lára aya aláya. Ní ọdún 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí bẹ́ ajẹ́lẹ̀ ìlú rẹ̀ lórí, ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀, ọdún 1893 sì ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá. Òyìnbó dé, ó fi àkódà, agbowó-orí àti wolé-wolé rọ́pò ajẹ́lẹ̀. Òyìnbó lọ tán, ìwà kò tètè yí. Nígbà tí àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà fárígá ní 1968, tí wọ́n ní "òkè mẹ́fà là ó san", ìyẹn ṣílè 30, kì í ṣe owó orí nìkan ló ká wọn lára. Bí àwọn agbowó-orí àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ń fi ojú wọn gbolẹ̀ wà níbẹ̀, ti wolé-wolé náà sì wà níbẹ̀. Bàbá mi kò sẹ́ èyí rí. Ó mọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí adìyẹ kan máa ń dí lójú tí kò fi ní í rí tanwíjí.

Ẹ wá wo òwe náà. Láyé ajẹ́lẹ̀, Ìbàdàn ni ẹni tó rán an níṣẹ́ wà. Láyé òyìnbó, ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Lónìí ńkọ́? Ta ló rán akọ̀wé tó jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Agodi, ní Aláùsá, ní Alágbàká? Àwa ni. Owó wa ni wọ́n fi ń san owó oṣù rẹ̀, orúkọ wa ló wà lára fáìlì tó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó rán an níṣẹ́ àti ẹni tó ń jẹ́ iṣẹ́ náà fún ti di ẹnì kan ṣoṣo. Akọ̀wé tó bá wo ìyá arúgbó láwòmọ́jú ní ẹnu wíńdò, ọ̀gá rẹ̀ gan-an ló ń wò bẹ́ẹ̀. Apá kejì rẹ̀ wà tí a kì í fẹ́ gbọ́, àwa ará ìlú. Bí a bá rán ọmọ lọ sódò tí a kò gbé agbè fún un, ṣé a ó nà án bó bá padà dé lọ́wọ́ òfo?

Èyí ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn panápaná. Iná ń jó ọjà, ọkọ̀ wọn dé, omi tó wà nínú rẹ̀ kò tó nǹkan tàbí kó jẹ́ pé ó ti pẹ́ kó tó dé, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n lókò. Mo ti rí i kí wọ́n fọ́ gíláàsì ọkọ̀ tó wá paná. Ẹni tó yẹ kó ra ọkọ̀ mìíràn, tó yẹ kó jẹ́ kí omi wà, àwa la dìbò fún un, bóyá ó tiẹ̀ wà nílé tó ń sùn lọ́wọ́. Orí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wọ inú èéfín ni òkò wa bà. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti owó oṣù. Lọ́dún 2015, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù púpọ̀, olùkọ́ ń wọ kíláàsì lébi. Lọ́dún 2024, òfin sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000, àpò ìrẹsì kan sì lè gbé gbogbo rẹ̀ lọ lọ́dún náà.

Lọ́dún 1991, àrùn onígbáméjì jà ní Nàìjíríà, ó pa èèyàn tó lé ní 7,000. Ó kan ìlú wa. Obìnrin kan wà tó ti ṣépè fún bàbá mi lójúkojú nínú ọjà, torí pé ó ní kó bo kànga rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, obìnrin yìí kan ilẹ̀kùn wa. Ọmọ rẹ̀ ń bì, ó ń yàgbẹ́ bí omi, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹnu tí ìgbín fi bú òòṣà ni yóò fi lọlẹ̀ lọ bá a. A sábà máa ń fi òwe yìí bú ẹni tó kàbùkù. Èmi kì í fi bú ẹnikẹ́ni láti òru yẹn, torí pé ìgbín kò ní ẹsẹ̀, kò sí ohun mìíràn tó lè fi rìn. Bàbá mi kò rán an létí ohunkóhun. Ó po omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ó ní kó máa fi ṣíbí tọ́ ọ sí ọmọ lẹ́nu, ó gbé ìyá àtọmọ sórí alùpùpù aládùúgbò, ó di ilé ìwòsàn ìjọba. Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n kò tíì fojú kan oorun láti ìjẹta. Ọmọ náà yè. Ilẹ̀ mọ́, bàbá mi wọ káàkí rẹ̀, ó lọ da oògùn sí àwọn kànga, ti obìnrin náà ló sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo wa ní Èkó náà. Láti oṣù keje ọdún 2014 tí Ẹ̀bólà fi wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn wá èèyàn 894 tó ti fara kan aláìsàn rí, wọ́n sì lọ kàn wọ́n lójúlé tó nǹkan bí ìgbà 18,500. Wọ́n ń lọ wo ara ẹni bóyá ó gbóná, nínú Èkó tí wọ́n ní kò ṣeé kà. Ní 20 oṣù kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ta ló rántí wọn?

Èébú kì í lọ lásán, ó máa ń ṣe ohun kan sí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí Olóyè Simeon Adébọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn, akọ̀wé àgbà lè wo ojú mínísítà kó ní, "Ọ̀gá, òfin kò gbà bẹ́ẹ̀," kó sì padà sí ìjókòó rẹ̀ láìsí ìbẹ̀rù. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, irú àwọn akọ̀wé bẹ́ẹ̀ ló ka orí ọmọ, tó wá olùkọ́, tó ṣètò àga àti tábìlì dé abúlé. Lẹ́yìn tí Murtala Muhammed gbàjọba ní oṣù keje ọdún 1975, wọ́n lé òṣìṣẹ́ tó lé ní 10,000 láàárín oṣù díẹ̀. Orí rédíò ni ẹlòmíràn ti gbọ́ pé òun kò níṣẹ́ mọ́. Àwa ará ìlú pàtẹ́wọ́ rẹpẹtẹ. Àwọn kan jẹ̀bi nínú wọn, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni a kò pè kó wá wí tẹnu rẹ̀. Àwọn tó kù lẹ́nu iṣẹ́ ń wò, wọ́n sì kọ́ ẹ̀kọ́ tí a kò gbèrò láti kọ́ wọn: bí wọ́n bá lè lé olóòótọ́ mọ́ olè, kí ni òótọ́ ń ṣe fún mi? Ẹni tí kò ronú ilé kíkọ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀. Ẹni tó máa ń sọ pé òfin kò gbà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bẹ́ẹ̀ ni sà. Lójú tèmi, apá púpọ̀ nínú ohun tí à ń bú lónìí, ọwọ́ ara wa la fi gbìn ín lọ́jọ́ tí à ń pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ ní iṣẹ́ ìjọba, a kì í làágùn ṣe é. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún òyìnbó tó kó kòkó wa lọ, bó bá sọ bẹ́ẹ̀, mo lè gbà fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ọ́ lónìí, ta ni ẹ fi òógùn náà dù? Bí ẹ bá so jákẹ́ẹ̀tì kọ́ ẹ̀yìn àga kí wọ́n lè rò pé ẹ wà nítòsí, ẹni tó wọ ọkọ̀ láti Kíṣì láàárọ̀ kùtù ló ń jókòó ti jákẹ́ẹ̀tì yẹn. Bàbá yín lè jẹ́.

Àwa ará ìlú tí à ń pariwo olè, àwa náà la ń ti owó sábẹ́ fáìlì kí tiwa lè ṣíwájú ti aládùúgbò. Ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì ṣẹ̀ wá, ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́: ọjọ́ wo, ọ́fíìsì wo, kí ló béèrè. Àjọ SERVICOM wà láti 2004 tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Òfin tó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba ti wà láti 2011, ọjọ́ 7 ló fún ọ́fíìsì láti fèsì. Ó rọrùn láti sọ pé olè ni gbogbo wọn. Lẹ́tà kíkọ ló nira, bẹ́ẹ̀ olè gidi kì í bẹ̀rù ariwo, ìwé tó ní ọjọ́ àti orúkọ ló ń bẹ̀rù. Bí a bá sì fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì yìí la ti gbàgbé.

Ọdún tó ṣáájú ikú bàbá mi, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì wá fara hàn kí wọ́n lè mọ̀ pé wọ́n ṣì wà láàyè. Èmi ni mo mú un lọ. Àwọn arúgbó tò lórí ìlà nínú oòrùn, àwọn kan jókòó sílẹ̀, ìbínú sì ti kún inú mi débi pé mo ti mọ gbogbo ohun tí n ó sọ. Ọmọbìnrin kan jáde láti inú ọ́fíìsì, ó gbé àga tirẹ̀ fúnra rẹ̀ wá fún bàbá mi. Ó padà wọlé, ó kó ìwé rẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn arúgbó níbi tí wọ́n jókòó sí, lórí ìdúró, òógùn ń kán sórí ìwé. Kò gba kọ́bọ̀. Nígbà tó kàn wá, bàbá mi bi í ní orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ọ̀gá rẹ̀.

Bí a ṣe délé, ó ní kí n mú bébà wá. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, nítorí náà èmi ni mo bá a kọ ọ́. Ìlà mẹ́rin péré ni. Ó ní kí n kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ yín báyìí báyìí jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an, pé àwa tí a rán an rí i. Ó bu ọwọ́ lù ú fúnra rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ ipò rẹ̀ sí, gàdàgbà-gàdàgbà: wolé-wolé, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì.