Ipele gíga nìkan kò sọ pé ìṣirò péye

Ẹ̀yin ará Òṣogbo tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ìṣàn omi, ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri pé bí ipele ọ̀nà ìṣirò bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni èsì rẹ̀ ń péye tó, níbi gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ipele ń sọ ni bí àṣìṣe ṣe ń yára dín kù bí a bá gé odò sí wẹ́wẹ́ sí i. Ní ipele 2, bí a bá dín ìwọ̀n ègé kọ̀ọ̀kan kù sí ìdajì, àṣìṣe á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ibi tí nǹkan ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀ nìkan nìyẹn.

Ìlú aró ni wá, ẹ jẹ́ ká fi aró wò ó. Bí aró bá dà sínú odò Ọ̀ṣun, tí etí rẹ̀ mú ṣáṣá, ọ̀nà Lax-Wendroff, onípele 2, á dá ìgbì èké sílẹ̀ níbi etí náà; iye aró á kéré ju òfo lọ. Bẹ́ẹ̀ aró kò lè kéré ju òfo.

Onímọ̀ ìṣirò Godunov ti fi hàn ní 1959 pé ọ̀nà tó ń lo ìlànà kan náà láìwo bí aró ṣe rí, tí kò sì dá ìgbì èké sílẹ̀, kò lè kọjá ipele 1. Ìdí nìyí tí WENO, ọ̀nà ìṣirò mìíràn, fi ń wo ibi tí etí ti mú kó tó ṣírò.

Ẹ dán an wò: ègé 100, aró onígun mẹ́rin (tí etí rẹ̀ méjèèjì mú ṣáṣá), nọ́ńbà Courant 0.5 (ìyẹn ni pé aró ń rìn ìdajì ègé kan ní ìgbésẹ̀ àkókò kọ̀ọ̀kan). Ẹ ya èsì Lax-Wendroff, kí ẹ wá ibi tó ti bọ́ sísàlẹ̀ òfo.