Irin Ìsun-ẹran Kọ́ Ni Wọ́n Wò Kọ́ El Escorial

Bí o bá tẹ̀lé afinimọ̀nà lọ sí El Escorial, ààfin ọba tó tún jẹ́ ilé àwọn mọ́ńkì ní Spéènì, kò ní pẹ́ tí wàá fi gbọ́ ọ: pé Ọba Felipe Kejì ló ní kí wọ́n kọ́ ilé náà bí irin ìsun-ẹran, nítorí orí irú irin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sun Lawrence Mímọ́ sí ní Róòmù lọ́dún 258. Wọ́n á ní bí èèyàn bá wò ó láti òkè, àfi bí irin tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀: ilé-ìṣọ́ tó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn àgbàlá inú ilé ni àlàfo tó wà láàárín ọ̀pá sí ọ̀pá, ibi tó yọ gọngọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì sì ni ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé e. Ìtàn náà dùn létí. Àmọ́ ìtàn bí wọ́n ṣe kọ́ ilé náà gan-an kò gbè é lẹ́yìn.

Òótọ́ wà níbẹ̀ o. Ọjọ́ àjọ̀dún Lawrence Mímọ́, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1557, ni ọmọ ogun Felipe ṣẹ́gun àwọn ará Faransé ní ìlú San Quintín, ọba sì fi ilé náà sọrí ẹni mímọ́ ọ̀hún. Nínú ìwé ìdásílẹ̀ tó kọ lọ́dún 1567, ó dárúkọ ẹni mímọ́ náà, ó sì sọ ohun tó fẹ́: ibi tí wọ́n máa sin bàbá àti ìyá rẹ̀ sí, àti àwọn mọ́ńkì tí yóò máa gbàdúrà fún wọn títí ayé. Ìfọkànsìn ọba kò ní iyèméjì. Bí ilé ṣe rí ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀.

Juan Bautista de Toledo, tó ti bá Michelangelo, gbajúgbajà oníṣẹ́ ọnà, ṣiṣẹ́ ní Róòmù, ló kọ́kọ́ yàwòrán ilé náà. Wọ́n fi òkúta àkọ́kọ́ lélẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1563. Nínú àwòrán tirẹ̀, ilé-ìṣọ́ ju ti igun mẹ́rin lọ, apá ìwọ̀-oòrùn ilé sì kéré ní gíga sí apá ìlà-oòrùn. Ta ni ìyẹn máa jọ irin ìsun-ẹran lójú? Nígbà tó di 1564, ọba sọ àwọn mọ́ńkì tí yóò gbé ibẹ̀ di 100 dípò 50. Yàrá ò tó mọ́. Wọ́n ní láti fi àjà kan kún apá ìwọ̀-oòrùn, àwọn ilé-ìṣọ́ tó wà láàárín sì di ohun tí wọ́n yọ kúrò. Toledo kú lọ́dún 1567, Juan de Herrera sì parí iṣẹ́ náà lọ́dún 1584. Ibi tí àwọn mọ́ńkì máa sùn ló mú kí ilé náà rí bó ṣe rí lónìí.

Ibi tí wọ́n ń pè ní “ọwọ́ irin” yẹn ló wù mí jù láti sọ̀rọ̀ lé lórí. Nígbà tí Carlos Karùn-ún, bàbá Felipe, fi ìtẹ́ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn mọ́ńkì ẹgbẹ́ Jerome Mímọ́ ní Yuste, ní Spéènì, ló lọ gbé. Yàrá rẹ̀ fara kan ṣọ́ọ̀ṣì, débi tó fi lè máa bá wọn ṣe Máàsì láti orí ibùsùn. Ibẹ̀ ló kú sí lọ́dún 1558. Ohun tí ọmọ rí lọ́dọ̀ bàbá náà ló ṣe: àwọn mọ́ńkì kan náà ló pè wá sí El Escorial, ó sì ní kí wọ́n kọ́ yàrá òun mọ́ ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ ńlá, níbi tó yọ gọngọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn kékeré ibẹ̀, ọba á máa wo pẹpẹ láti orí ibùsùn rẹ̀. Nígbà tí àìsàn wá mú un ní oríkèé ẹsẹ̀ tí kò lè rìn mọ́, ilẹ̀kùn yẹn ló gbà á. Yàrá náà kéré gan-an sí ti ọba tó ní ilẹ̀ títí dé Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1598. Kí èèyàn wá pe irú ibẹ̀ ní ọwọ́ irin, ó ń dùn mí.

Ti àwọn àgbàlá náà kò ṣàjèjì. Wọ́n ti fi irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ kọ́ ilé ìwòsàn ńlá Milan ní Ítálì láti 1456, kí ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn lè wọlé. Àwọn mìíràn ní tẹ́ńpìlì Sólómọ́nì ni wọ́n wò kọ́ ọ, torí ère Dáfídì àti Sólómọ́nì wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn sàn díẹ̀, àmọ́ ère kì í ṣe àwòrán ilé.

Ẹni tó bá ń wá irin Lawrence Mímọ́ máa rí i níbi tó wà ní tòótọ́. Ó wà lọ́wọ́ ère rẹ̀ tí Juan Bautista Monegro gbẹ́ sókè ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Ó wà nínú àwòrán Titian, ayàwòrán ará Ítálì: òru ni, iná ń jó lábẹ́ irin, ẹni mímọ́ náà sì na ọwọ́ sí ọ̀run. Pellegrino Tibaldi kun òmíràn fún pẹpẹ ńlá, òun kan náà tó kun àjà ilé ìkàwé, níbi tí gírámà, ìṣirò, orin àti ìmọ̀ ìràwọ̀ ti jókòó bí obìnrin lókè àwọn ìwé tí wọ́n kọ ẹ̀yìn wọn sí ògiri, tí etí wọn aláwọ̀ wúrà sì kọjú síta.