Èsì wa sí màmá tó bá wa lọ sí Joshua Tree

Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ yín, tí ẹ sì fún wa ní ìràwọ̀ mẹ́ta. Ẹ ní ọkọ̀ mọ́ tónítóní, ẹ ní a bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ àwọn nǹkan kan ò tẹ́ yín lọ́rùn. A gbéra ní Los Angeles nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́. Kò síbi tí èèyàn ti lè ra oúnjẹ nínú Joshua Tree, ọgbà ìjọba àpapọ̀ tó wà ní aṣálẹ̀ California, fóònù ò sì gbé. A ò jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ yín mú òkúta kékeré kan wálé, a ò sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wọn fò dírónù rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ ní òkúta lásán lẹ lọ wò, pé ṣebí a ní Olúmọ, a ní Ìdànrè.

Gbangba níbí ni mo ti fẹ́ dá yín lóhùn, torí àwọn tó ń gbèrò àtilọ yóò ka ohun tí ẹ kọ, ó sì yẹ kí wọ́n mọ ìdí tá a fi ń ṣe bí a ṣe ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìdájí ni mo máa kọ́kọ́ sọ. Láti Los Angeles dé ẹnu ọ̀nà ọgbà yẹn tó wákàtí méjì ààbọ̀ bí kò bá sí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ìlú tí a sì ń gbé yìí, ẹ mọ̀ ọ́n. Ìparí oṣù Karùn-ún lẹ bá wa lọ. Tó bá fi máa di ọ̀sán, òkúta á ti gbóná débi pé ọwọ́ ò ní gbà á, bẹ́ẹ̀ ni kò sígi tó ní ibòòji tí èèyàn lè sá sí. Igi Joshua tí ọgbà náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ga lóòótọ́, ṣóńṣó ni ewé rẹ̀ rí, òjìji rẹ̀ ò bo ọmọdé kan tán. Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, ooru ibẹ̀ máa ń kọjá 38 lórí ìwọ̀n Celsius. A kì í gbé àgbàlagbà tàbí ọmọ kékeré lọ nígbà yẹn, iye yòówù kí wọ́n fẹ́ san. Ká jí ní ìdájí, ká rìn nígbà tí ara ṣì tutù, ká sì ti wà nínú ọkọ̀ kí oòrùn tó kanrí, ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí màmá àti ọmọ-ọmọ fi lè jọ gbádùn ibẹ̀ nìyẹn. Mi ò ní yí i padà.

Ìdí kan náà ló jẹ́ ká máa tẹnu mọ́ omi débi tó fi sú yín. Àwọn aláṣẹ ọgbà fúnra wọn ló ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé ó kéré tán gálọ́ọ̀nù kan dání fún ọjọ́ kan, ìyẹn bíi lítà mẹ́rin. Ọgbà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó, ibi díẹ̀ ní etí rẹ̀ nìkan ni omi ẹ̀rọ sì wà. Àárín rẹ̀ ò ní omi, kò ní ìsọ̀, kò ní ilé epo. Torí ẹ̀ la ṣe di kúlà méjì sẹ́yìn ọkọ̀, tí a sì ń ní kí ẹ mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Ní ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò sí agbára tá a lè sà. Fóònù pàjáwìrì kan wà nítòsí Intersection Rock, òkúta ńlá kan nínú ọgbà náà, èmi náà sì máa ń ti gba máàpù ojú ọ̀nà sórí fóònù kí n tó kúrò nílé.

Òfin ti de dírónù nínú gbogbo ọgbà irú èyí ní Amẹ́ríkà láti 2014. Ti òkúta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣàlàyé fáwọn ọmọ. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn ló ń wọ ibẹ̀ lọ́dún; bí oníkálukú bá ń mú tiẹ̀ lọ, kí ló máa kù? Kí ọdún 1936 tó dé, ṣe làwọn èèyàn ń hú igi àti ewéko ẹlẹ́gùn-ún ibẹ̀ lọ gbìn sí ọgbà ilé wọn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Minerva Hoyt ló jà fitafita títí ìjọba fi dáàbò bo ilẹ̀ náà lọ́dún yẹn. Ó di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1994. Ká ní kò jà ni, kò ní sí ohun tí a ń gbé yín lọ wò.

Ọ̀rọ̀ òkúta lásán yẹn ló wọ̀ mí lára jù, torí òkúta ló mú mi wọ iṣẹ́ yìí. Òótọ́ lẹ sọ, akọ òkúta ni Olúmọ, akọ òkúta ni Ìdànrè, irú wọn náà ló wà ní Joshua Tree. Ìdànrè tiẹ̀ ni àgbà, ó ti ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ, nígbà tí ti ibí jẹ́ nǹkan bíi 100 mílíọ̀nù. Abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni òkúta yíyọ́ ti tutù tó sì le. Bí ilẹ̀ orí rẹ̀ ṣe ń ṣí kúrò, ó ń sán, ní ìbú, ní òòró, títí ó fi pín sí abala-abala. Omi òjò wá ń gba ojú sísán yẹn wọlẹ̀, ó ń jẹ etí òkúta, igun ń di róbótó, ara tó bá ti rà ń di amọ̀ àti iyanrìn. Gbogbo ìyẹn ń ṣẹlẹ̀, ojú ò tíì rí i. Ìgbà tí ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ di aṣálẹ̀ ni àgbàrá gbá iyẹ̀pẹ̀ lọ, tí òkúta fi jókòó lé ara wọn bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó tò wọ́n.

Ní Ìdànrè, òjò ń rọ̀, igbó sì bo ìdí òkè. Ní aṣálẹ̀, òkúta wà ní ìhòòhò, gbogbo iṣẹ́ tí omi ṣe sí i lára lẹ máa rí. Ẹ rántí Skull Rock, òkúta tó dà bí agbárí lẹ́bàá títì, èyí tí ọmọ-ọmọ yín obìnrin ní ó ń wo òun. Òjò ló gbẹ́ ihò ojú méjèèjì yẹn. Omi dúró sínú kòtò kékeré, ó jẹ òkúta díẹ̀, kòtò fẹ̀ sí i, òjò mìíràn tún rọ̀, omi tó dúró sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọmọ yẹn fọwọ́ ra etí ihò náà, hóró òkúta lẹ̀ mọ́ ọn ní àtẹ́lẹwọ́, ó ń fi hàn mí. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀yin jókòó sínú ọkọ̀ nígbà tí àwọn yòókù fẹsẹ̀ rìn yí àfonífojì Hidden Valley ká, torí orúnkún yín. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ padà wá láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, nígbà tí oòrùn ò mú. Ọ̀nà kan wà ní Cap Rock tó tẹ́jú, kò tó kìlómítà kan, èèyàn lè ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn gbà á, òkúta ibẹ̀ sì dé fìlà lórí. Mo máa gbé àga tó ṣeé ká dání fún yín. Nígbà òtútù, ọ̀sán la máa ń gbéra, ká lè dúró wo ìràwọ̀. Láti 2017 ni wọ́n ti ka ibẹ̀ mọ́ àwọn ibi tí iná ìlú ò tíì ba òkùnkùn rẹ̀ jẹ́ fún wíwo ojú ọ̀run. Ẹ mú kóòtù tó nípọn, òtútù alẹ́ aṣálẹ̀ kì í ṣeré. Kí àwọn ọmọ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kì í ṣe sálúbàtà: ẹ ṣáà rí bí ẹ̀gún cholla, ewéko ẹlẹ́gùn-ún kan, ṣe dì mọ́ ẹsẹ̀ àbúrò wọn, tó jẹ́ òòyà la fi yọ ọ́. Ìjókòó iwájú ti yín ni, a ò sì ní gba owó ọmọ-ọmọ kankan tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́wàá. Nọ́ńbà tí ẹ fi pè wá tẹ́lẹ̀ ṣì ń lọ.