Ántíbọ́dì HER2 ti ilé àyẹ̀wò kì í ṣe oògùn

Àtẹ̀jáde kan ń lọ káàkiri pé ántíbọ́dì HER2 (pùròtéènì tó ń dì mọ́ HER2) tí wọ́n ń tà fún àwọn olùwádìí kò yàtọ̀ sí Herceptin, oògùn jẹjẹrẹ ọmú, owó rẹ̀ ló kàn dínkù. Ó yé mi ìdí tí èèyàn fi lè rò bẹ́ẹ̀. Owó ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú ń dẹ́rù bani. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

HER2 jẹ́ pùròtéènì ojú sẹ́ẹ̀lì tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì dàgbà. Apá rẹ̀ kan yọ síta, apá kan wà nínú. Trastuzumab, ìyẹn Herceptin, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1998, apá ti ìta ló ń dì mọ́. CB11 àti 4B5, àwọn ántíbọ́dì HER2 tí wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò ẹran ara, apá ti inú ni tiwọn. Wọn ò lè débẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè.

Ẹ tún wo ìwọ̀n. Ẹni tó wọn kílò 60, tó ń gba oògùn náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, máa gba mílígíráàmù 240 nígbà àkọ́kọ́. Ìgò olùwádìí tó ní máíkírógíráàmù 100? 2,400 ló máa pé iye yẹn. Níbo ni owó ti wá dínkù? Sodium azide, májèlé ni, sì máa ń wà nínú púpọ̀ wọn kí wọ́n má baà bàjẹ́.

Ẹ ka ara ìgò: wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwádìí nìkan ló wà fún. Ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú àkójọ oògùn tí NAFDAC gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Trastuzumab olówó pọ́ọ́kú wà lóòótọ́, èyí tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe. WHO fọwọ́ sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní 2019. Ìyẹn ni kí ẹ bi dókítà yín.