Àgbẹ̀ Ń Ra Iṣu Lọ́jà!

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o! Gbogbo ìgbà tí mo bá ti Àkúrẹ́ lọ sóko àwọn ẹbí wa lẹ́bàá Ìdànrè, tíì àti búrẹ́dì ni wọ́n máa ń gbé fún mi. Nílé àgbẹ̀! Níbi tí ìró ọmọ odó ti ń jí wa tẹ́lẹ̀! Àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, èwo ló ń hù n'Ìdànrè? Amẹ́ríkà, Kánádà àti Rọ́ṣíà ló ti ń wọkọ̀ ojú omi wá. Kòkó ti gba ilẹ̀ iṣu. A kó o ránṣẹ́ sí àwọn òyìnbó, a fowó rẹ̀ ra búrẹ́dì. (Ṣokoléètì ńkọ́? Ẹ má dá mi lóhùn.) Mo ní kí wọ́n gúnyán. Ẹ̀gbọ́n mi ní iṣu ti wọ́n jù l'Ọjà Ọba.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló yẹ kó gbìn ín?"

Ó ní kí n mu tíì mi kó má baà tutù.