Kì í ṣe àìlówó ló mú kọ̀ǹpútà méjì pín mọ́nítọ̀ kan lórí tábìlì mi

Àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó wá kí wa nílé ní Bódìjà lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó wọ yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ya fọ́tò tábìlì mi, kí ó sì tó padà délé ni mo ti rí i lórí WhatsApp rẹ̀ pé àwọn àgbà Ìbàdàn kò fẹ́ náwó, pé kọ̀ǹpútà méjì ni wọ́n ń so mọ́ mọ́nítọ̀ kan ṣoṣo. Mo pè é. Ó tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ó tún fi kún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá ra mọ́nítọ̀ kejì, kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀." Mo ti forí jì í. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni kò tíì kúrò lọ́kàn mi, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń sọ ọ́, ojoojúmọ́ ni mo ń rí àwọn tó gbà pé ẹni tó bá fi súìsì pín mọ́nítọ̀, kíbọ́ọ̀dù àti máòsì kan láàárín kọ̀ǹpútà méjì, òṣì ló ń ta á.

Iṣẹ́ ìtúmọ̀ àti àtúnyẹ̀wò ìwé Yorùbá ni mo fi ń jẹun. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì jẹ́ tèmi, orí rẹ̀ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn òǹkọ̀wé bá gbé wá fún mi. Láptọ́ọ̀pù jẹ́ ti àwọn tó gbà mí síṣẹ́, òfin wọn sì ni pé iṣẹ́ tiwọn nìkan ló gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, n kò sì gbọdọ̀ fi ohunkóhun mìíràn sí i. Nítorí náà, n kò lè da iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ sínú ẹ̀rọ kan. Ṣùgbọ́n ojú méjì tí Ọlọ́run fún mi, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n lè tẹjú mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iná ìjọba bá sì lọ, ínfátà kékeré kan ló ń gbé gbogbo yàrá náà dúró, wáàtì kọ̀ọ̀kan ni mo sì ń kà.

Mọ́nítọ̀ tí ó mọ́ gaara kì í ṣe fáàrí lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ẹ wo ẹsẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ àti ẹ̀ṣẹ́: àmì ohùn àti àmì kékeré tó wà lábẹ́ lẹ́tà ló ya ohun tí a fi ń rìn sọ́tọ̀ sí ohun tí a ń tọrọ ìdáríjì fún, tó sì ya méjèèjì sọ́tọ̀ sí ohun tí a fi ń lu ènìyàn nígbà ìjà. Bí ojú ẹ̀rọ bá ṣú díẹ̀, àmì abẹ́ yẹn á lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, n kò ní mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀ tàbí kò sí, ìwé á sì jáde pẹ̀lú àṣìṣe tí orúkọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó owó jọ fún oṣù mẹ́rin kí n tó ra mọ́nítọ̀ oní-íǹṣì 27 tó jẹ́ 4K, irú èyí tí àwòrán àti lẹ́tà rẹ̀ máa ń mọ́ kedere. Kí n tún wá ra irú rẹ̀ kejì nítorí pé mo ní kọ̀ǹpútà méjì, n kò rí ọgbọ́n tó wà nínú ìyẹn.

Kí n tó ní súìsì, yíyọ ni mo ń yọ wáyà. Bí mo bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù, màá yọ wáyà HDMI, èyí tó ń gbé àwòrán lọ sí mọ́nítọ̀, lára kọ̀ǹpútà tèmi, màá tì í bọ ti ilé iṣẹ́, màá yọ wáyà kíbọ́ọ̀dù àti ti máòsì, màá sì tì wọ́n bọ ibẹ̀ pẹ̀lú. Ó tó ìgbà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lóòjọ́. Ihò HDMI kò wà fún irú ìyà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù bíi méje, ti láptọ́ọ̀pù náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì, àwòrán á wá, á lọ, títí tí a fi gbé e fún àwọn tó ń tún un ṣe láti lẹ̀ ẹ́ padà mọ́ pátákó inú ẹ̀rọ. Èmi ni mo kọ lẹ́tà àlàyé sí ilé iṣẹ́ nípa ohun tí kì í ṣe tèmi tí ó bàjẹ́ lọ́wọ́ mi, ojú sì tì mí gidigidi. Bí mo bá ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń yọ wáyà tó ń tì í bọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ní Àgbówó, ó máa ń ṣe mí bíi kí n dá wọn dúró.

Súìsì KVM ló gbà mí lọ́wọ́ ìyẹn. K dúró fún kíbọ́ọ̀dù, V fún fídíò, M fún máòsì. Àpótí kékeré kan ni, tí wáyà láti ara kọ̀ǹpútà méjèèjì ń wọlé sínú rẹ̀ láti ẹ̀yìn, tí mọ́nítọ̀, kíbọ́ọ̀dù àti máòsì náà sì so mọ́ ọn. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì, gbogbo wọn á yí sí ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà kejì. Àwọn mìíràn ní kí o tẹ Scroll Lock lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù kékeré òde òní kò ní Scroll Lock mọ́. (Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Yorùbá kọ̀wé, ẹ rántí pé inú kọ̀ǹpútà ni ìṣètò lẹ́tà wa wà, kò sí lára kíbọ́ọ̀dù; ẹ ní láti ṣètò rẹ̀ lórí ẹ̀rọ méjèèjì.)

Ibi tí inú ti bí mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni ọjà. Mo lọ sí Dùgbẹ̀, mo ṣàlàyé fún ọmọkùnrin tó ń tajà pé mọ́nítọ̀ 4K ni mo ní, àti pé lẹ́tà kéékèèké ni mo ń kà láti àárọ̀ dalẹ́. Ó na ọwọ́ sókè, ó gbé páálí kan wálẹ̀ tí wọ́n kọ 4K gàdàgbà sí iwájú rẹ̀. Mo sanwó. Nígbà tí mo délé tí mo so ó pọ̀, àwòrán wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé máòsì, ọfà ojú ẹ̀rọ ń wọ́ tẹ̀lé ọwọ́ mi bí ẹni tí oorun ń kùn. Bí mo bá sì tan kọ̀ǹpútà tèmi nígbà tí súìsì ṣì wà lápá láptọ́ọ̀pù, gbogbo lẹ́tà á wú, á sì ṣú, àmì abẹ́ á pòórá. Láptọ́ọ̀pù ní tirẹ̀, nígbàkígbà tí mo bá yí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, á kó gbogbo ohun tí mo ṣí sílẹ̀ lọ sójú kékeré tirẹ̀, màá sì tún wọn tò nígbà tí mo bá padà.

Mo padà sí Dùgbẹ̀. Ó ní wáyà mi ni kò dára, ó ta wáyà tuntun fún mi. Kò yí padà. Mo tún gba Mọ́kọ́lá lọ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀sán, ó ní kọ̀ǹpútà mi ló ti gbó. Mo bi í léèrè ohun tí 4K tí wọ́n kọ síwájú páálí túmọ̀ sí gan-an. Èsì rẹ̀ ni pé, "Ọ̀gá mi, 4K ni 4K." Kò gba ọjà rẹ̀ padà.

Ọmọbìnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn ni ó yí páálí náà sẹ́yìn, tí ó fi ìka tọ́ka sí ìlà tín-ín-rín kan nísàlẹ̀: 30Hz. Súìsì tí wọ́n ṣe fún ẹ̀dà HDMI tí wọ́n ń pè ní 1.4, ẹ̀dà tó jáde ní 2009, lè gbé àwòrán 4K, ṣùgbọ́n ìgbà 30 péré ni àwòrán ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. HDMI 2.0, tí ó jáde ní 2013, ló lè gbé 4K ní ìgbà 60. Ohun tó ń mú ọfà mi wọ́ nìyẹn. Ó tún ṣàlàyé èkejì fún mi: mọ́nítọ̀ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tó máa ń rán sí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pè ní EDID, tí ó fi ń sọ irú ẹni tí òun jẹ́ àti bí ojú òun ṣe tóbi tó. Bí súìsì bá gé ìsopọ̀ náà, kọ̀ǹpútà tí kò sí lójú á rò pé mọ́nítọ̀ ti lọ, á sì ṣe bó ti wù ú. Súìsì tó dára máa ń bá mọ́nítọ̀ di iṣẹ́ náà mú, á máa jẹ́ ẹ fún kọ̀ǹpútà méjèèjì, kí ìkankan nínú wọn má bàa mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Gbogbo àlàyé yìí kò gbà á ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Mo ra èyí tó ní méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, iye rẹ̀ kò sì tó ìdajì owó mọ́nítọ̀ mi. Láti ọjọ́ náà, máòsì ń sáré, lẹ́tà dúró bí mo ṣe fi í sílẹ̀.

Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bú súìsì, irú ọjà àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n tà fún wọn. Wọ́n gbé e jù sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n lọ ra mọ́nítọ̀ kejì, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn pé kò wúlò. Kí ló ná òǹtàjà láti bi oníbàárà pé irú mọ́nítọ̀ wo ni ó ní, kí ó sì ka ẹ̀yìn páálí sí i létí? Owó tí mo pàdánù dùn mí, ṣùgbọ́n irọ́ tí ó pa mọ́ kọ̀ǹpútà mi kí ó má bàa gbà pé òun ṣi ọjà gbé dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé kí n lo ètò kọ̀ǹpútà bíi Synergy tàbí Mouse without Borders, tí yóò jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù kan ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ méjì láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo ti sọ pé n kò gbọdọ̀ fi nǹkan sí láptọ́ọ̀pù ilé iṣẹ́. Wọn kì í sì í pín mọ́nítọ̀.

Síbẹ̀, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́rú yìí tí n kò sọ fún àbúrò mi. Òǹkọ̀wé kan fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ìtumọ̀ àtijọ́ tí mo nílò láti fi wé e sì wà lórí láptọ́ọ̀pù, níbi tí òfin kò ti jẹ́ kí n gbé e jáde. Mo ń tẹ súìsì lọ, mo ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀, gbólóhùn kan níhìn-ín, gbólóhùn kan lọ́hùn-ún, títí tí n kò fi mọ èwo ni mo wà lórí rẹ̀ mọ́, mo sì pa ìpínrọ̀ mẹ́ta rẹ́ nínú fáìlì ilé iṣẹ́, mo rò pé tèmi ni. Mo rí wọn gbà padà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi gbọ̀n, n kò sì lè ṣe iṣẹ́ kankan mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bí ojú méjì bá wà lórí tábìlì, ìyẹn kò ní ṣẹlẹ̀. Mo ti wọn tábìlì náà. Mọ́nítọ̀ kékeré kan lè gbà níbẹ̀ bí mo bá gbé àwọn ìwé atúmọ̀-èdè kúrò lápá òsì. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ títí di òwúrọ̀ yìí.